Parasitamọ́ọ̀lù, ibuprofen, Alábùkún àbí tramadol: èwo lẹ máa lò tí ara bá ń dùn yín?

Ẹ̀yìn káńtà fàmásì kan ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ìbéèrè tí mo sì ń gbọ́ jù lọ́jọ́ ọjà ni "èyí tó le jù níbẹ̀ dà?" Ẹni tó ti ń gbé búlọ́ọ̀kù láti àárọ̀ á dé, á fọwọ́ ti káàdì parasitamọ́ọ̀lù tí mo gbé síwájú ẹ̀ padà, á ní tàwọn ọmọdé nìyẹn, nǹkan tó máa wọ egungun lòun ń wá. Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n oògùn ìrora ò tò léra wọn bẹ́ẹ̀ yẹn, pé ti ìsàlẹ̀ ò lágbára, ti òkè lágbára, kẹ́ ẹ ṣáà máa gùn ún lọ. Bóyá ibi tí èrò yẹn ti wá ni àkàbà oníṣísẹ̀ mẹ́ta tí OMS, Àjọ Ìlera Àgbáyé, gbé jáde lọ́dún 1986, àmọ́ àwọn tó ní àrùn jẹjẹrẹ ni wọ́n ṣe ìyẹn fún, kì í ṣe ẹni tí ẹ̀yìn ń ro lẹ́yìn iṣẹ́ oko. Fún èmi àtẹ̀yin, ohun tó yẹ ká fi yàn ni ibi tí ìrora ti ń wá, ohun tó ti wà lára yín tẹ́lẹ̀ (ọgbẹ́ inú, oyún, ẹ̀jẹ̀ ríru), àtohun tẹ́ ẹ ti gbé mì lónìí. Bí mo ṣe máa fi wọ́n wéra nìyẹn.

Ibi tí kálukú wọn ń lọ nínú ara

Tẹ́ ẹ bá fi ẹsẹ̀ kọ òkúta, ẹran ara tó fara pa á tú èròjà kan jáde tí wọ́n ń pè ní prostaglandin, òun ló ń mú kí ibẹ̀ wú, kó gbóná, kí iṣan tó wà níbẹ̀ máa ta, iṣan á gbé ìròyìn náà gba ọ̀pá ẹ̀yìn lọ sí ọpọlọ, ìgbà yẹn lẹ tó máa mọ̀ pé ó ń dùn yín. Ibuprofen, asípírìn àti diclofenac kì í jẹ́ kí ara rí prostaglandin yẹn ṣe, níbi tó ti ń dùn yín gan-an. John Vane ló fi èyí hàn lọ́dún 1971, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1982, bẹ́ẹ̀ ó ti lé ní àádọ́rin ọdún táwọn èèyàn ti ń lo asípírìn láìmọ ohun tó ń ṣe nínú ara.

Parasitamọ́ọ̀lù ní tiẹ̀, inú ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ló ti ń ṣiṣẹ́ jù, ó ń mú kí ara tó gbóná rọlẹ̀, ó ń dín ìrora kù, àmọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ mú wíwú lọ. Tramadol ò tiẹ̀ yà síbi tó wú rárá, ojú ibi tí mọ́fíìnì (oògùn ìrora líle) máa ń jókòó sí nínú ọpọlọ lòun náà ń lọ jókòó sí, ó tún ń mú kí èròjà ọpọlọ méjì, serotonin àti noradrenaline, pọ̀ níbẹ̀, ìròyìn ìrora ṣì ń bọ̀ o, ọpọlọ ni ò kà á sí mọ́. Eyín tó ń jẹrà ṣì ń jẹrà lọ. Kò sì sí èyí tó ń wo àìsàn sàn nínú gbogbo wọn.

Parasitamọ́ọ̀lù àti ibuprofen

Doliprane, Efferalgan, Dafalgan, Panadol tó ń ti Nàìjíríà wá, parasitamọ́ọ̀lù ni gbogbo wọn. Ẹ wo abẹ́ orúkọ ńlá tó wà lára páálí, ẹ máa rí i níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí ní lẹ́tà wínníwínní: paracétamol, 500 mg tàbí 1 g. Mo ń tẹnu mọ́ ọn torí ìyá kan tó wá bá wa, orí ń fọ́ wọn, wọ́n ti lo Doliprane 1 g láàárọ̀, wọ́n lo Panadol méjì lé e torí wọ́n ní àkọ́kọ́ ò ṣiṣẹ́, wọ́n tún po oògùn ọ̀fìnkìn mọ́ omi gbígbóná mu, parasitamọ́ọ̀lù sì wà nínú ìyẹn náà, ọ̀sán ò tíì pọ́n o. Lójú tiwọn oògùn mẹ́ta ni wọ́n lò. Ẹ̀dọ̀ wọn ò mọ̀ ju ọ̀kan ṣoṣo lọ.

Àgbàlagbà tó tó kílò 50 sókè, 500 mg sí 1 g lẹ́ẹ̀kan, kó fi wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà sí i kó tó tún lò, kí àpapọ̀ ẹ̀ má kọjá 4 g láàárín wákàtí 24, ọ̀pọ̀ èèyàn ni 3 g sì tó. Tẹ́ ẹ bá pa ìwọ̀n yẹn mọ́, mi ò mọ oògùn ìrora míì tó bára mu tó o, kì í dá ọgbẹ́ sínú, aboyún lè lò ó, ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lè lò ó. (Èyí tó ń hó nínú omi nìkan ni kí ẹlẹ́jẹ̀ ríru yẹra fún, iyọ̀ inú ẹ̀ pọ̀, hóró lásán ni kẹ́ ẹ béèrè.) Ẹ̀dọ̀ ni ibi tó ti lè ṣe ibi. Ẹ̀dọ̀ ló ń tú parasitamọ́ọ̀lù ká, díẹ̀ nínú ẹ̀ á sì di májèlé, ohun tí ẹ̀dọ̀ fi ń pa májèlé yẹn ni glutathione, tí glutathione bá tán, ẹ̀dọ̀ fúnra ẹ̀ ni májèlé máa kọjú sí. Ẹni tó ń mu sódábì (ọtí líle) lójoojúmọ́, ẹni tó rù, ẹni tí ò rí oúnjẹ gidi jẹ, tiwọn kì í pọ̀ nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí wọ́n bi wá ká tó jọ mọ iye tó yẹ wọ́n. Ibi tó ti wá burú ni pé ẹni tó lò ó kọjá ààlà lè máà rí nǹkan kan lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ju kí inú máa rìn ín lọ, ó lè di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta kí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún tó máa dùn ún, kí ojú tó pọ́n bíi ti ibà pọ́njú. Oògùn tó ń tú u wà nílé ìwòsàn, N-acétylcystéine, àmọ́ láàárín wákàtí mẹ́jọ àkọ́kọ́ ló ń ṣiṣẹ́ jù, torí náà ẹni tó bá ti mọ̀ pé òun ti lò ó jù, kó máa lọ báyìí báyìí.

Ibuprofen ló yẹ nígbà tí nǹkan bá wú tàbí tó gbóná, ẹsẹ̀ tó rọ́, èrìgì tó wú, oríkèé tó ń ta, inú rírun nǹkan oṣù. Ti nǹkan oṣù yẹn, ilé ọmọ fúnra ẹ̀ ló ń tú prostaglandin jáde tó fi ń fún ara ẹ̀ pọ̀, orísun yẹn gan-an sì ni ibuprofen ń dí, ìdí nìyẹn tó fi ń ṣiṣẹ́ ju parasitamọ́ọ̀lù lọ fún ọ̀pọ̀ obìnrin, pàápàá tí wọ́n bá lò ó bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n má dúró dìgbà tí wọ́n bá ń yí nílẹ̀. 200 sí 400 mg lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn oúnjẹ, kó má ju 1,200 mg lọ lójúmọ́ tí dókítà ò bá sọ bẹ́ẹ̀.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé prostaglandin kan náà ló ń dáàbò bo inú àpòlúkù kí omi kíkan tó wà níbẹ̀ má jẹ ẹ́, òun náà ló ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa wọ kídìnrín dáadáa, ẹ ò sì lè ní kí ibuprofen dí i ní orúnkún kó fi àpòlúkù sílẹ̀. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú tó ń lò ó lára ebi, ẹ̀jẹ̀ lè máa kán nínú ikùn ẹ̀ kó máà mọ̀, àfi kó rí ìgbẹ́ dúdú kirikiri. Àgbẹ̀ tó ti wà nínú oòrùn láti àárọ̀, tí ò mu omi tó, tó wá lò ó, kídìnrín ni wàhálà já lé. Ẹlẹ́jẹ̀ ríru náà o, ibuprofen ń gba agbára lọ́wọ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, tó bá sì jẹ́ pé oògùn tó ń mú kéèyàn máa tọ̀ wà lára èyí tí wọ́n ń lò, kídìnrín ò ní rọ́wọ́ mú. Aboyún tó bá ti wọ oṣù karùn-ún sókè, kó má fọwọ́ kàn án rárá, ó lè dí òpó ẹ̀jẹ̀ kan nítòsí ọkàn ọmọ tí ò yẹ kó dí kí wọ́n tó bí i, ó sì lè ba kídìnrín ọmọ jẹ́.

Ohun kan tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀: torí pé ọ̀nà wọn yàtọ̀, àgbàlagbà tára ẹ̀ le lè lo àwọn méjèèjì pa pọ̀ fọ́jọ́ kan tàbí méjì tí eyín bá ń pa á, kálukú ní ìwọ̀n tiẹ̀, ó sì máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Mo gbà pé ìyẹn ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú kẹ́ ẹ tó máa béèrè èyí tó le jù. Ibuprofen pẹ̀lú diclofenac tàbí pẹ̀lú asípírìn ńkọ́? Rárá o, ọ̀nà kan náà ni wọ́n jọ ń gbà, ikùn lẹ kàn ń fìyà jẹ.

Alábùkún

Ilé wo ni ò sí ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Àjàṣẹ́? Bàbá Jacob Odùláte ní Abẹ́òkúta ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lọ́dún 1918, ìyá àgbà mi ò sì gbà pé oògùn gidi kankan tún wà lẹ́yìn ẹ̀. Ohun tó wà nínú ìyẹ̀fun yẹn ni asípírìn àti kaféìnì. Kaféìnì ń ran oògùn ìrora lọ́wọ́ díẹ̀, òun ló tún ń jẹ́ kí ojú là lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá dà á sẹ́nu, ẹ̀yin á ní ara ti yá, kaféìnì ló ń ṣe yín bẹ́ẹ̀. Gbogbo ewu ibuprofen ló wà lára asípírìn, ó tún fi ọ̀kan lé e: ó ń mú kí àwọn èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì má lè ṣiṣẹ́ mọ́ títí ayé wọn, ọjọ́ méje sí mẹ́wàá, kí ara tó ṣe tuntun. Torí náà ẹni tó fẹ́ yọ eyín tó sì ti ń la Alábùkún sẹ́nu látàná, kó sọ fún dókítà eyín o. Agbára yẹn náà ni wọ́n fi ń fún àwọn tó ti ní àrùn ọkàn ní asípírìn kékeré, 75 sí 100 mg lójúmọ́, kí ẹ̀jẹ̀ má dì sínú òpó, ìyẹn kì í ṣe ti ìrora, dókítà ló ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, dókítà ló sì ń dá a dúró.

Ẹ má fún ọmọdé. Mo mọ̀ pé wọ́n ń pín ìwé kan sí méjì tí wọ́n á fún ọmọ tí ara ẹ̀ gbóná, àmọ́ asípírìn lára ọmọ tí fáírọ́ọ̀sì ń bá jà lè fa àrùn kan tí wọ́n ń pè ní Reye, tó ń kọ lu ọpọlọ àti ẹ̀dọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kì í wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí parasitamọ́ọ̀lù wà nílẹ̀, kí la fẹ́ fi ìyẹn ṣe?

Ẹni tí orí ń fọ́ lójoojúmọ́ tó sì ń lò ó lójoojúmọ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka ìlà yìí lẹ́ẹ̀mejì: oògùn ìrora fúnra ẹ̀ ń fa ẹ̀fọ́rí. Tẹ́ ẹ bá ń lo parasitamọ́ọ̀lù tàbí ibuprofen tó ọjọ́ 15 lóṣù, tàbí àwọn tó ní kaféìnì nínú bíi Alábùkún tó ọjọ́ 10, fún oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀, orí á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ yín torí pé oògùn ti ń lọ kúrò lára. Ẹni tó bá dá a dúró, orí á fọ́ ọ gidi fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn náà á rọlẹ̀.

Diclofenac ò ní pẹ́ lẹ́nu mi. Ọmọ ìyá ibuprofen ni, ó le jù ú lọ lórí oríkèé, ó sì burú jù ú lọ fún ọkàn. Jẹ́ẹ̀lì ẹ̀ téèyàn ń fi pa orúnkún dáa, díẹ̀ ló ń wọnú ẹ̀jẹ̀. Abẹ́rẹ́ ẹ̀ tí ẹni tí ò kọ́ṣẹ́ ń gún sí ìdí ni mi ò fẹ́ rí, iṣan ńlá kan gba ibẹ̀ kọjá, mo mọ ọkùnrin kan tó ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ẹsẹ̀.

Tramadol

Ibí yìí ni mo máa dúró sí díẹ̀. Ilé iṣẹ́ Grünenthal ní Jámánì ló ṣe é, ọdún 1977 ló jáde sọ́jà níbẹ̀. Oògùn gidi ni. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún, ẹni tí egungun ẹ̀ kán, ẹni tó ní jẹjẹrẹ, dókítà lè kọ 50 tàbí 100 mg lẹ́ẹ̀kan fún un, kó má ju 400 mg lọ láàárín wákàtí 24, fún ìwọ̀nba ọjọ́. A kì í tà á láìsí ìwé dókítà, ìdí nìyẹn táwọn kan fi ń bú wa tí wọ́n á sì kọjá síta. Níta yẹn, kápúsù 200, 225, 250 mg ni wọ́n ń bá pàdé, ẹyọ kan ti tó ìlọ́po méjì ohun tó pọ̀ jù tí dókítà máa kọ lẹ́ẹ̀kan, ó tiẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, èèyàn á sì tún rò pé ẹyọ kan lòun lò.

Kí ló dé tí wọ́n fi fẹ́ràn ẹ̀ tó bẹ́ẹ̀? Mo ti bá àwọn tó ń wa zémìjàn (ọ̀kadà) sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀, wọn ò dárúkọ ìrora fún mi rárá. Wọ́n ní kì í rẹ àwọn, ebi kì í pa àwọn, oòrùn ò mú àwọn, inú àwọn á kàn máa dùn. Wọn ò parọ́, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn èròjà tí mo sọ lókè yẹn ni. Àmọ́ àárẹ̀ ò kúrò lára, ọpọlọ ni ò gbọ́ ọ mọ́, ẹ̀yìn tó yẹ kó sinmi ò sinmi, omi tó yẹ kéèyàn mu kò mu ún. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ẹyọ kan ò ní ràn án mọ́, á di méjì. Lọ́jọ́ tí kò bá sí, imú á máa ṣomi, òógùn á bò ó, inú á máa ṣí, gbogbo egungun á máa ro ó, ọkàn ẹ̀ ò ní balẹ̀, á wá wò ó pé "ṣẹ́ ẹ rí i, ìrora mi ló padà dé yẹn", á tún lò ó. Oògùn ló ń dá ìrora yẹn sílẹ̀ lásìkò yẹn o. Ẹni tó bá ti bá a débẹ̀, kó má jáwọ́ lójijì lóun nìkan, dókítà lè máa dín in kù fún un díẹ̀díẹ̀.

Ohun méjì ló ń bà mí lẹ́rù jù nínú ẹ̀. Àkọ́kọ́ ni gìrì: tramadol lè mú kí géńdé tí ò ní wárápá rí ṣubú lulẹ̀ kó máa jà pìtìpìtì, bí ìwọ̀n ẹ̀ bá ṣe ń pọ̀ sí i ló ṣe ń súnmọ́, ẹ wá fojú inú wo ìyẹn lórí máṣíìnì lójú títì Kétu sí Pọ́bẹ̀, pẹ̀lú ìyá àtọmọ lẹ́yìn. Ìkejì ni mímí. Gbogbo ìdílé mọ́fíìnì ló ń sọ fún ọpọlọ pé kó máa rọra mí, sódábì ń sọ bẹ́ẹ̀, Valium, oògùn tó ń mú kéèyàn tòògbé, ń sọ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n bá pàdé, ẹni náà á sùn, mímí ẹ̀ á máa lọ sílẹ̀, àwọn èèyàn á ní ó ti yó, kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ kó sùn. Tẹ́ ẹ bá jí i tí kò jí, tí ètè ẹ̀ ń di aró, tó ń mí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tó ń han-run gbọ̀ngbọ̀n, ẹ dá a dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kí èébì má wọ ọ̀fun ẹ̀, ẹ má bu omi sí i lẹ́nu, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, kẹ́ ẹ sì sọ ohun tó lò láìbò ó mọ́lẹ̀. Oògùn kan wà, naloxone, tó lè jí mímí padà, àmọ́ nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń bá jà.

Ẹ̀dọ̀ ló tún ń yí tramadol padà di nǹkan tó le ju òun fúnra ẹ̀ lọ, bí ẹ̀dọ̀ kálukú sì ṣe ń yára ṣe é ò dọ́gba, àbímọ́ni ni, ìdí nìyẹn tí hóró kan náà ò fi ní ṣe ẹnì kan ní nǹkan kan tí ẹnì kejì ẹ̀ á sì dákú. Ọmọ tí ò tíì pé ọdún 12 ò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn án. Bákan náà ni kọdéìnì inú omi ikọ́, ẹ̀dọ̀ ń sọ ọ́ di mọ́fíìnì. Nàìjíríà fòfin de ṣíṣe omi ikọ́ oníkọdéìnì àti kíkó o wọlé lóṣù Karùn-ún ọdún 2018, àwa tá a sì wà níbodè mọ̀ pé ohun tó bá wà ní Ìmẹ̀kọ lónìí lè wà lọ́dọ̀ wa lọ́la. Wọ́n tún ti ń kó àdàlù tapentadol àti carisoprodol wá láti Íńdíà, ìyẹn tún le ju tramadol lọ fún mímí, ìjọba Íńdíà fúnra wọn dá kíkó o jáde dúró lóṣù Kejì ọdún 2025.

Ẹnì kan máa ní "ṣebí egbò igi ni, àdáyébá ni". Ẹ gbọ́ eléyìí. Lọ́dún 2013 àwọn onímọ̀ kan láti Faransé rí tramadol nínú egbò ẹgbẹ̀sì ní àríwá Kamẹrúùnù, ẹgbẹ̀sì tiwa tá a fi ń se àgbo ibà gan-an, gbogbo ayé pariwo pé igi ló ń ṣe é. Ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn míì láti Jámánì lọ wò ó fínnífínní: àwọn àgbẹ̀ àgbègbè yẹn ló ń lo tramadol, wọ́n tún ń fún màlúù wọn kó lè ṣiṣẹ́ nínú oòrùn, ìtọ̀ wọn ń wọnú ilẹ̀, igi ń fà á mu. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn ẹgbẹ̀sì. Ìwọ̀n tí wọ́n ń lò ló pọ̀ débi tí ilẹ̀ fi ń pọ̀ ọ́.

Àwọn tá a kì í kà sí oògùn

Sódábì ń pa ìrora lóòótọ́, torí ó ń mú ọpọlọ tòògbé ni, ọtí tí wọ́n yọ látinú ẹmu ni, ó le gan-an, ẹ̀dọ̀ kì í sì lè tú ju nǹkan bíi gíráàmù 10 ọtí lọ láàárín wákàtí kan, omi tútù ò lè sún un, kàfé ò lè sún un. Sódábì pẹ̀lú parasitamọ́ọ̀lù léraléra, ẹ̀dọ̀. Pẹ̀lú ibuprofen tàbí Alábùkún, ikùn. Pẹ̀lú tramadol, mo ti sọ ọ́.

Kàfé àti obì, kaféìnì ló wà nínú àwọn méjèèjì, ó ń dí ibi tí èròjà tó ń mú oorun wá máa ń jókòó sí nínú ọpọlọ, ìdajì ẹ̀ ṣì máa ń wà lára lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí márùn-ún. Ẹni tó jẹ obì níbi ìnáwó lálẹ́ tó wá ní òun ò rí oorun sùn, orí ń fọ́ òun láàárọ̀, kó má wá béèrè oògùn oorun lọ́wọ́ mi.

Igbó ní tiẹ̀, THC inú ẹ̀ ń mú kí ọkàn sáré, ojú á pọ́n, èèyàn á máa gbàgbé ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ, àwọn kan ní ìrora àwọn dín kù, àwọn míì ẹ̀rù ló ń bà wọ́n títí ilẹ̀ fi mọ́. Kò sí ẹni tó mọ ìwọ̀n ohun tó wà nínú èyí tí wọ́n dì fún un, ibẹ̀ ni mo sì máa fi í sí.

Ká wá yàn

Orí fífọ́ tàbí ara ríro lásán, parasitamọ́ọ̀lù, kẹ́ ẹ mu omi, kẹ́ ẹ jẹun, ebi àti òùngbẹ ló ń fa ìlàjì ẹ̀fọ́rí tí mo ń rí lọ́jọ́ ọjà. Ara gbígbóná, parasitamọ́ọ̀lù náà, àmọ́ ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ibà, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀kán kan láti ẹnu ìka ni, kì í pẹ́, torí parasitamọ́ọ̀lù á mú kí ara rọlẹ̀, kòkòrò ibà á sì máa bí sí i lábẹ́ ẹ̀. Tí ò bá jẹ́ ibà, ó lè jẹ́ dengue, àìsàn tí ẹ̀fọn ń gbé wá, ìyẹn lè mú kéèyàn máa ṣẹ̀jẹ̀, ẹ yáa jìnnà sí ibuprofen àti Alábùkún títí dókítà á fi sọ̀rọ̀.

Ẹsẹ̀ tó rọ́, nǹkan oṣù, eyín: ibuprofen, tẹ́ ò bá lóyún, tẹ́ ò ní ọgbẹ́ inú, tí kídìnrín yín dáa, tẹ́ ẹ sì ti jẹun. Tí ọ̀kan bá wà níbẹ̀, ẹ padà sórí parasitamọ́ọ̀lù. Ẹ̀yìn tó ń ro lẹ́yìn iṣẹ́, ibuprofen fún ọjọ́ díẹ̀ àti rírìn díẹ̀díẹ̀ dáa ju dídùbúlẹ̀ gbalaja lọ. Àwọn tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, tí egungun bá bẹ̀rẹ̀ sí í ro wọ́n, omi lákọ̀ọ́kọ́, omi púpọ̀, pẹ̀lú parasitamọ́ọ̀lù, kí wọ́n má lo ibuprofen àfi tí dókítà tó ń rí wọn bá ti gbà fún wọn, torí kídìnrín wọn, tí ò bá sì rọlẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀ kí wọ́n má dúró sílé: ibẹ̀ ni tramadol tàbí mọ́fíìnì ti wúlò, lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣọ́ mímí wọn.

Orí tó ṣàdédé fọ́ bí èyí tí kò ṣe yín rí, tí ọrùn sì gan, àyà tó ń dùn yín, ẹsẹ̀ kan tó wú tó ń dùn, kò sí èyí tí mo fẹ́ tà fún yín nínú gbogbo ẹ̀, ẹ gba ilé ìwòsàn lọ.

Ibi tẹ́ ẹ ti ń rà á

Mo mọ̀ pé ti ìta dín lówó, wọ́n á sì ta hóró méjì fún yín. Ní Cotonou nílẹ̀ wa níbí ni wọ́n ti ṣe ìpè ńlá kan pé kí gbogbo ayé gbógun ti ayédèrú oògùn, ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá ọdún 2009, lọ́dún 2017 ìjọba wọ Ajégúnlẹ̀ tó wà ní ọjà Dantokpa lọ palẹ̀ oògùn mọ́, lọ́dún yẹn náà ni OMS ní ọ̀kan nínú mẹ́wàá oògùn láwọn orílẹ̀-èdè tí ò lówó bíi tiwa ni kì í ṣe ojúlówó tàbí tí ò pé ìwọ̀n. Oògùn kpàyó, ìyẹn ti ìta yẹn, lè jẹ́ ẹfun lásán, ó lè jẹ́ nǹkan míì pátápátá. Ká tiẹ̀ ní ojúlówó ni, igbá tó wà lórí obìnrin tó ń kiri ẹ̀ nínú oòrùn láti àárọ̀, ooru ẹ̀ ti ju ìwọ̀n 30 °C tó wà lára páálí lọ. Asípírìn ló rọrùn jù láti mọ̀: ẹ ṣí i, ẹ gbóòórùn ẹ̀, tó bá ń rùn bí ọtí kíkan, ó ti bàjẹ́ nìyẹn, asípírìn inú ẹ̀ ti ń tú ká, ẹ dà á nù. Ẹ má gba hóró tí wọ́n gé kúrò lára káàdì tí ò ní orúkọ, mg àti ọjọ́ tó máa bàjẹ́ lára.

Tọmọdé ni mo fi sẹ́yìn torí òun ló ń gba àkókò mi jù. Parasitamọ́ọ̀lù ọmọ, ìwọ̀n kílò la fi ń ṣe é, ọjọ́ orí ò tó, 15 mg fún kílò kan, ní wákàtí mẹ́fà mẹ́fà, kó má ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ lójúmọ́. Ọmọ kílò 10, 150 mg lẹ́ẹ̀kan nìyẹn. Síróòpù Doliprane tó wọ́pọ̀, 24 mg ló wà nínú mílílítà kan, pípẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ní àmì kílò lára, ẹ fà á dé 10, ó parí. Àmọ́ ìyá ọmọ á ti ra ìgò kékeré tí wọ́n ń kán sọ́mọ lẹ́nu láti òdìkejì ibodè, nínú ìyẹn mílílítà kan lè ní 100 mg, á wá mú pípẹ́ẹ̀tì Doliprane tó wà nílé, á fà á dé àmì 10 kan náà, ọmọ ti gba ìlọ́po mẹ́rin. Pípẹ́ẹ̀tì ìgò kan, ìgò yẹn nìkan ló wà fún, tó bá sọnù ẹ gbé ìgò náà wá kẹ́ ẹ bá wa wọ̀n ọ́n pẹ̀lú sìríńjì, a kì í gba owó fún ìyẹn.